Bi Ohùn Náà Pé Ta Ni

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí a bẹ̀ kó tó gbà kí a kẹ́ òun,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ o. Mo kí ọ kú ibi tuntun. Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí o gbà ní Under G yẹn, nítòsí yunifásítì, kò gbóná jù? Èmi wà, ìyá rẹ náà wà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé gàrí tí òun dì fún ọ, kí o má gbé e síbi tí èkúté ti lè bá a ṣeré.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín: "Bàámi, ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé yìí?" Èmi tí mo ń tún fóònù ṣe jẹun ni mo ń kọ ọ́. Dírẹ́bà kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ láti gáréèjì wa ló máa mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọwọ́ rẹ ni mo ní kó fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíì. Bí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí tí n kò fi lè gba orí fóònù sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí, kí n má fọ̀rọ̀ gùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n máa gbé fáìlì kan síwájú rẹ níbi iṣẹ́ rẹ tuntun, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ fóònù. Ohùn obìnrin kan tó ń ta òkìríkà ní Ọjà Igbó Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń pe àwọn ajínigbé láti sọ irú mọ́tò tó ń gbéra fún wọn. Ẹ̀rọ yín ti sọ pé ohùn rẹ̀ ni. Ó wá ku kí ẹnì kan tó gbọ́ èdè Ọ̀yọ́ dénú gbọ́ ọ, kó sì fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ni ẹni náà. Bí o bá fọwọ́ sí i, wọ́n á mú obìnrin yẹn, kò sì ní padà sídìí ọjà rẹ̀ bọ̀rọ̀.

O ò sọ ọ́ fún mi. Má tíì béèrè bí mo ṣe gbọ́. Màá sọ ọ́ kí n tó fi bírò sílẹ̀, ojú á sì tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí o wálé fún Iléyá, o jókòó sórí àpótí tí mo fi ń tún rédíò ṣe, o ka ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fún yín sétí wa. "Ìjọba kì í ṣọ́ aráàlú. Àwọn ọ̀daràn nìkan là ń ṣọ́. Ẹni tí kò bá ṣe ibi, kò ní ohun tó máa bà á lẹ́rù." Ìyá rẹ ní àmín, bí ẹni pé àdúrà ni.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ ọ́?"

"Bàámi, ìjọba ni."

"Ìjọba kò ní ọwọ́ tó fi ń di bírò mú. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́?"

O wo ẹ̀yìn ìwé, o wo iwájú rẹ̀. Kò sí orúkọ. Mo wá sọ pé ohùn ṣeé sín jẹ, pé kí o ṣọ́ra. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. "Ẹ̀yin náà! Eré àtijọ́ yín nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í ṣìṣe, Bàámi."

Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí mi títí di òní.

O mọ̀ pé mo máa ń sín èèyàn jẹ nígbà èwe mi. Ẹ̀yin ọmọ máa ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe é, n kì í sì gbà. Ẹ rò pé àgbà ló dé. Àgbà kọ́.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí ohùn tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí n kò lè sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Lèmọ́mù àdúgbò wa, ìyá oníṣu, ọlọ́pàá tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbé inú ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ kan, mo dúró sẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì, mo húkọ́ bíi ti ọ̀gá àgbà, mo ní kí gbogbo ọmọ di ìwé wọn, kí wọ́n máa lọ sílé, pé kò sí ẹ̀kọ́ mọ́ lónìí. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó jáde, ewúrẹ́ nìkan ló kù ní pápá.

Wọ́n lé mi. Tísà tó fa ìwé tí wọ́n fi lé mi náà lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi paraku, ẹni tó máa ń wọ aṣọ funfun báláú. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ mi yé," láti inú imú wá. Ó wò mí títí. Ó ní, "Múfútáù, Ọlọ́run fún ọ ní ọgọ́rùn-ún ohùn. Èwo ni tìẹ ńbẹ̀?"

Mo ká ìwé náà sápò, mo lọ. Inú bí mi. Fún odindi ọdún méjì ni inú fi ń bí mi.

Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù, atúnrédíò-ṣe, kí n kọ́ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo wà títí di òní yìí. Nígbà náà, tẹlifóònù kan wà níbẹ̀, ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó wà lágbègbè wa, àwọn èèyàn sì máa ń wá lò ó. Ayé àwọn ológun ni. Ọkùnrin kan máa ń wá jókòó sọ́dọ̀ wa, fìlà rẹ̀ máa ń bo iwájú orí rẹ̀. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kò sọ irú èyí tó jẹ́. Á ra búrẹ́dì àti sádìnì fún mi, á ní, "Múfú, kí ni wọ́n sọ lọ́jà lónìí?"

Èmi á bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni alápatà ṣe bú gómìnà. Báyìí ni aláṣọ ṣe dá a lóhùn. Ohùn wọn gan-an ni mò ń fi sọ ọ́. Ọkùnrin yẹn á rẹ́rìn-ín, á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Ohun tí alápatà sọ kò ju "gómìnà ò gbọ́ tiwa" lọ. Èmi ni mo gbé ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́. Mo ní ó na ọ̀bẹ sókè, ó ní kí gómìnà yẹn ṣáà gba ibí kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì, alápatà kò sí nídìí ẹran rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó lọ sóko. Oṣù méjì ló lò ní oko tí kò ní.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀, ọmọ mi: ẹni tó ń ròyìn fún ìjọba kì í ṣe etí lásán. Ó ní ikùn, ó sì fẹ́ kí inú ẹni tó ń gbọ́ ọ máa dùn. Bí fáìlì bá dé iwájú rẹ, wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kàn, kí o sì wádìí ohun tó jẹ kó tó sọ ọ́. Ìwé kò ní kọ búrẹ́dì àti sádìnì sí i.

Èkejì gùn díẹ̀. Fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Tísà ti padà sílùú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni alága àwọn tísà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀gá Gàníyù lọ jẹun. Oníbàárà kan ti gbàgbé ìwé tó kọ nọ́ńbà akọ̀wé àwọn tísà náà sí. Mo gbé tẹlifóònù, mo pè é.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ mi yé. Kí gbogbo tísà wọ funfun lọ́la. Kí wọ́n dúró ní Ọjà Igbó ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ kíláàsì títí màá fi dé."

"A ti gbọ́, sà." Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún. Ó ti dìde dúró fún mi, òun tó dàgbà ju bàbá mi lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà."

Kí oòrùn pa wọ́n ni mo fẹ́. Kí wọ́n dúró títí, kí Tísà wá bá wọn níbẹ̀, kó máa búra pé òun kọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, wo ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Akọ̀wé yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni Ọ̀yọ́, àwa la mọ ìkíni. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa lọ́dọ̀ wa kì í bi àgbà pé "Ta ni yín?" Bí ohùn àgbà bá ti dún, orúnkún ti kanlẹ̀, àyà ti kanlẹ̀. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní ilé wo lèyí ti jáde, ta ló tọ́ ọ? Ẹnu ọ̀nà ìtẹríba yẹn ni mo gbà wọlé, kò sì sí ẹni tó dúró níbẹ̀ láti bi mí léèrè.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹlòmíì wà lórí wáyà náà. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń gbọ́ tẹlifóònù akọ̀wé. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, ọkọ̀ sójà mẹ́ta ti wà ní Ọjà Igbó. Wọ́n fi kòbókò tú àwọn aláṣọ funfun ká láàárín ọjà, wọ́n sì yà sílé Tísà. Ó ń kun bàtà rẹ̀ láti lọ síléèwé ni. Ó ti wọ ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ní kó fi ìkejì sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, rédíò kan wà lórí tábìlì níwájú mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó wáyà rẹ̀ pọ̀ tán. Mo tàn án kí n lè mọ̀ bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ ìjọba ni. Ó ní, "Ìjọba kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ aráàlú. Àwọn tó fẹ́ da ìlú rú nìkan là ń ṣọ́. Ẹ̀rí wà. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." Ni ohùn mi bá ń jáde bọ̀ láti inú rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe: "Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ mi yé."

"Háà! Tísà nìyẹn!" Ọ̀gá Gàníyù ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ imú rẹ̀ ni?"

Oníbàárà kan mi orí. "Wọn ò purọ́ mọ́ ọn. Ohùn ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Ọ̀yọ́ pé irọ́ ni. Aráàlú ni wọ́n gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ atúnrédíò-ṣe, aláwàdà burúkú, tó fẹ́ fi oòrùn pa tísà rẹ̀ àtijọ́, òun ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì pè é ní ẹ̀rí. Mo pa rédíò. Ọ̀gá mi gbá mi létí, ó ní kí n tàn án padà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mú mi. Òótọ́ ni. Mo tún ní, bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Òótọ́ nìyẹn náà, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ohùn àgbà ti dún láti inú rédíò. Gbogbo ìlú ti kúnlẹ̀.

Oṣù méje ni wọ́n fi Tísà pamọ́. Ọdún mẹ́fà sì kọjá lẹ́yìn tó dé kí ẹsẹ̀ mi tó lè gbé mi lọ sílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ra búrẹ́dì gígùn méjì dání. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n sọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣílẹ̀kùn.

Tísà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti gbẹ. Wúyẹ́wúyẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Múfútáù olóhùn ọgọ́rùn-ún! Ṣé o ṣì ń sín èèyàn jẹ?"

"Mo ti jáwọ́, sà."

"Irọ́ lo pa. Ẹyẹ kì í jáwọ́ nínú igbe. Ó yá, sín mí jẹ kí n gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò gbọ́ ohùn mi àtijọ́ mọ́."

Mo lanu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn.

"Mi ò lè ṣe é mọ́, sà."

"Bàbá, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Màmá Tísà wí, ó ń bu omi fún mi.

Ó fi mí sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní, "Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí mi létí. Mo ní èmi kọ́. Wọ́n ní, ohùn ta wá ni? Mi ò rí ìdáhùn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo ní bóyá mo sọ ọ́ tí mo sì gbàgbé. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀. Mo ń rí ara mi tí mo di tẹlifóònù mú. Mo fọwọ́ sí i. Mo ti bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí, nítorí oṣù mẹ́rin tí mo fi purọ́ fún wọn."

Àbẹ̀kẹ́, ó ń tọrọ àforíjì fún irọ́ tí kò pa.

Màmá Tísà ní, "Èmi náà ńkọ́? Wọ́n gbé e wá fún mi, mo gbọ́ ọ. Mo ní ohùn ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ìdajì ni wọ́n kọ. Wọ́n kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí sí i."

Ọ̀rọ̀ náà wà ní góńgó ahọ́n mi. Mo ní, "Mo kàn wá kí yín ni, sà." Mo gbé búrẹ́dì kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ wọ mọ́tò. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó dé, Tísà ti kú. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà níbìkan nínú àpótí ìjọba. Ẹni tó bá ṣí i lónìí á rí ohùn, á rí ìfọwọ́sí, á rí ẹ̀rí ìyàwó. Kò sí ohun tó dára tó o nínú ìwé. Kò sí ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún ọ pé ìwé ìjọba kò tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

N kò ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Mo mọ̀ pé wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà yìí. Bí ẹ̀rọ yín bá gba ẹyọ ọmọ kan là lọ́wọ́ wọn, Ọlọ́run á san án fún ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá ní kò wúlò rárá, irọ́ lòun náà ń pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o máa lọ fi ojú ara rẹ rí i.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo bá ọ kó ẹrù lọ sí Under G? O fi kámẹ́rà hàn mí lórí òpó, o ní ìwé yín sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tó ń já fóònù gbà. Mo gbójú sókè, nítorí wáyà niṣẹ́ mi. Èyí tó kọjú sí ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti máa ń kóra jọ bí inú bá ń bí wọn, wáyà rẹ̀ gún régé, tuntun ni. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ tí o ní wọ́n ti já fóònù ọ̀rẹ́ rẹ gbà, wáyà rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́, ẹyẹ ti ń fà á ya láti fi kọ́lé. Mo bi ọmọbìnrin tó ń dín ẹyin nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ìgbà wo ló ti já. Ó ní, "Bàbá, ó já kẹ̀? Bí wọ́n ṣe gbé e kọ́ nìyẹn. Kò so mọ́ nǹkan kan rí."

Ìwé ní nítorí olè ni. Wáyà sọ ohun mìíràn. Wáyà ni kí o gbà gbọ́.

Ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé, lọ sí Ọjà Igbó. Má wọ aṣọ iṣẹ́. Yan òkìríkà lọ́dọ̀ ẹni tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, kí ẹ sì jọ tàkúrọ̀sọ. Bí obìnrin náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni kí o wádìí. Wádìí ẹni tó máa ń yá fóònù rẹ̀ lò. Ìwọ náà mọ ọjà wa, fóònù ẹnì kan ni fóònù gbogbo ìsọ̀. "Jọ̀ọ́, jẹ́ n pe ọkọ mi." "Jọ̀ọ́, ẹyọ ìpè kan péré." Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Bí ẹnì kan bá sì wà tó mọ̀ ọ́n sín jẹ, àwọn tó sún mọ́ ọn ló máa mọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, bó ti wù kí ẹni náà máa fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ tó.

Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ yín bóyá a ti mú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Ìwé pẹlẹbẹ yín ka àwọn tí ọwọ́ tẹ̀. Kò ka àwọn tí a ṣì mú. Bí wọ́n bá ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, fura, nítorí èmi mọ ọ̀kan.

Má sì rò pé bí o bá béèrè, o ti sọ ìwà ọmọlúàbí nù. Èmi ni mo ṣì ọ́ kọ́. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí ọ̀gá rẹ rí i pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ́, lẹ́yìn náà kí o béèrè. Ìkúnlẹ̀ kò dí ẹnu.

Mo ní màá sọ bí mo ṣe gbọ́ nípa fáìlì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ pè ọ́, ẹni tí o gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún tí o kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Ó ní fóònù òun bàjẹ́, òun yá ti ẹlòmíì. Ó húkọ́ rẹ̀ méjì, ó pè ọ́ ní Ìyá Kékeré, ó súre fún ọ. O ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, sà." Ó ní iṣẹ́ ńkọ́. O sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òkìríkà, fáìlì, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí. O tiẹ̀ dárúkọ obìnrin náà. Lẹ́yìn náà, o rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Ẹ má sọ fún Bàámi o, sà. Wọ́n máa ń ṣàníyàn jù."

Àbẹ̀kẹ́, Bàámi rẹ lo ń bá sọ̀rọ̀.

O ò béèrè. Mo mọ̀ pé o ò ní béèrè.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí n sọ fún ọ pé, ṣé o rí i, ẹ̀rọ rẹ dà? Mo ti lanu tán ni mo rántí irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Wọn kò ní gba irú yín síṣẹ́ kí wọ́n má máa gbọ́ fóònù ẹ̀yin náà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ohùn ta ni wọ́n ní lọ́wọ́? Ohùn Bùráímọ̀, tó ń fi ayùn wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀. Fóònù ta ni? Ti oníbàárà mi kan tó gbé e wá pé kí n bá òun pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ nǹkan kan. Mo gé fóònù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti sọ pé mo jáwọ́, mo sì tún ti ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sórí ìwé. Mú lẹ́tà yìí lọ bá ọ̀gá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kó tó gbé fáìlì jáde. Sọ fún un pé: "Sà, ẹnì kan fi ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀, mo sì gbà á. Mo mọ ohùn yẹn láti kékeré. Ti obìnrin yìí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i lójú." Má gbìyànjú láti bò mí. Má sọ pé àgbàlagbà ń ṣeré. Ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n lè wá sí ẹ̀yìn Akẹ̀sán wá mú èmi náà. Mo ti sọ fún ìyá rẹ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ó ti di aṣọ mélòó kan sínú báàgì fún mi, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàtà mi méjèèjì wà lórí rẹ̀.

Ọmọ mi, Tísà bi mí ní ìbéèrè kan nígbà kan, èwo ni ohùn tèmi nínú ọgọ́rùn-ún. N kò dá a lóhùn títí ó fi wọ ilẹ̀. Jẹ́ kí n dá a lóhùn síbí, níwájú rẹ àti níwájú ẹnikẹ́ni tí o bá fi hàn.

Èmi Múfútáù, atúnrédíò-ṣe, ni mo pe akọ̀wé àwọn tísà. Kì í ṣe Tísà. Èmi ni mo pe Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe Bùráímọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ni fóònù.

Ohùn mi nìyí.

Bàbá rẹ,
Múfútáù